Ọjọ́ Kan ni Tèmi, Mẹ́fà ni Tìẹ

Jókòó! Má dìde, Mùínàt, má ṣe bí ẹni pé ìrun ń pè ọ́, wọn ò tíì pe Alásárì, etí mi ò tíì di. Jókòó síbi tí o jókòó sí lánàá tí ò ń jẹ ẹran lẹ́nu fún Zahrah, tí o rò pé kò sẹ́ni tó rí ọ. Hidayat rí ọ! Ó ń sá aṣọ lẹ́yìn wíńdò. Ìyàwó ọmọ mi dúró, ó ń wo bí o ṣe fi ìka yọ ẹran lẹ́nu ara rẹ, tí o tì í bọ ọmọ òrukàn lẹ́nu. Ó ti di ẹrù báyìí. Àpò méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí ilé rẹ̀ ní Challenge, òun àtọmọ, Hidayat sì ti sọ fún mi lójú kòrókòró pé àfi tí o bá gbé oògùn mì tán ni Zahrah yóò tó tẹ ilé yìí mọ́. Oṣù méjì sẹ́yìn la sin Awwal, àkọ́bí mi. Ọmọ oṣù mẹ́jọ yìí lohun tó kù fún mi lára rẹ̀. Ìyẹn náà lo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, orogún?

Má wulẹ̀ sunkún. Omijé ò wẹ àwo. O ní kí ni? Inú ò run ọ́? Ta ló bi ọ́ bóyá inú ń run ọ́? Èmi ńkọ́, inú run mí rí yàtọ̀ sí ti ìrọbí? Síbẹ̀, nígbà tí dókítà ní kí gbogbo ẹni tó ń bá Awwal jẹun pọ̀ wá yẹ inú wọn wò, èmi Hùmúàní, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo gbé ìgbẹ́ mi sínú ike kékeré, mo fi ìborùn bò ó, mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́, mo gbé e gba Táíwò Road kọjá, bàbá kan tó jókòó tì mí ní, "Alájà, oúnjẹ lẹ gbé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ẹ máa jẹ níbẹ̀? Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò tí wọ́n rí nínú ikùn Awwal wà níbẹ̀. Mo gbà. Mo gbé oògùn mì fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, ẹnu mi korò bí ẹni tó ń lá irin, mo gbé e mì.

Ìwọ ńkọ́? Wọ́n rí i nínú tìẹ náà, ọjọ́ mẹ́ta lo fi lo oògùn! O ní ẹnu rẹ ń korò, o wá kó ìyókù fún Àhmádù àbúrò rẹ torí ó ní inú ń ta òun. O fi oògùn ṣe sàárà! Láràárọ̀ ò ń gbé ọwọ́ òfìfo sẹ́nu níwájú Hidayat, ò ń mu omi lé e, ò ń ní alhamdulillahi. Wàláhì, o ò tiẹ̀ tijú. Kòkòrò tí wọ́n nà lọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n sì fi sílẹ̀, ṣé o rò pé ó kú ni? Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹgba ni!

O ò tiẹ̀ mọ ohun tó pa Awwal. Nígbà tí dókítà ń sọ ọ́, abẹ́ igi níta lo wà, ò ń ké. Èmi ni mo jókòó tì í. Ọmọbìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń tà?" Mo ní ọkọ́ àti àdá, l'Ọjà-Ọba, láti ogójì ọdún. Ó ní ẹ mọ ìpẹtà nìyẹn. Ó ní kòkòrò kan ló ń gbé lára awọ ikùn, àti kékeré ló sábà ń wọlé, láti ẹnu dé ẹnu, láti ọwọ́ tí a ò fọ̀, láti omi tí ò mọ́. Kì í dá pààyàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ló ń rí i, tí wọ́n ń da iná lù ú, òun á sá pamọ́, iná á wá máa bọ́ sára ẹran ara ẹni. Ó ní iná yẹn, ọmọ ìyá ohun tó ń jẹ irin ni. Ara á jó, á tún ara rẹ̀ ṣe, á tún jó, á tún un ṣe, bí alágbẹ̀dẹ tó ń lẹ ojú ọkọ́ kan ṣoṣo fún ọgbọ̀n ọdún, títí ọjọ́ tí yóò ṣì í lẹ̀. Ibi tó ṣì lẹ̀ yẹn, orí rẹ̀ á dàrú, á máa hù, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Jẹjẹrẹ nìyẹn. Ó yé mi ju bó ṣe yé Hidayat tó lọ yunifásítì. Ọkọ́ kì í dípẹtà lọ́jọ́ kan. Wọ́n á fi ọ̀dà kùn ún, á máa dán, ọjọ́ tí o bá gbé e bu ilẹ̀ ló máa dá sí méjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Awwal ṣe dá. Ọdún mélòó ló fi ń di inú mú, tí gbogbo wa ń pè é ní ọgbẹ́ inú lásán, tí ìwọ ń po omi káún fún un? Òkèlè méjì, ó ní òun ti yó. Ó di pé okùn ló fi ń so ṣòkòtò.

Mo bi dókítà: kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi? Ó ní lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ó ní iyọ̀ wà níbẹ̀, sìgá tí ọmọ yín ń mu ní kọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, òun ò lè tọ́ka sí ẹnu ẹnì kan. Òun ò lè tọ́ka! Èmi lè tọ́ka. Wo ìka mi, Mùínàt. Ìwọ ni mo nà án sí.

Ta ló wà nílé? Lẹ́yìn Àsùbáà ni mò ń lọ sọ́jà, torí ọkọ wa, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kò lè bọ́ adìyẹ. Ìwọ ìyàwó tí ó fẹ́ lé mi lórí, ìwọ tí Ọlọ́hun ò fún lọ́mọ, ìwọ ni mo gbé ọmọ mi lé lẹ́sẹ̀. O jẹ ẹran fún un. O jẹ ẹ̀pà fún un, o jẹ wàrà díndín. Ó wá ń pè ọ́ ní Ìyá, ó ń pe èmi ní Ìyá Ọlọ́kọ́, bí ẹni tó wá rajà! Níbi ìsìnkú rẹ̀, ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí kú ara fẹ́ra kù. Lọ́jọ́ tó kú, orúkọ ta ló pè? Má dá mi lóhùn. Mo wà níbẹ̀.

Kí lo sọ? Tún un sọ! Jímọ̀?

O ní Jímọ̀. Ó dáa. Mi ò kì í lọ sọ́jà ní Jímọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹ ẹ̀dọ̀ fún un. Ẹ̀dọ̀ nìkan. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá ti rí mi, á sá sẹ́yìn ìró rẹ, ṣé kò yẹ kó mọ ẹnu ìyá tó bí i ni? Kí wá ni ìyẹn? Ọjọ́ kan ni tèmi, mẹ́fà ni tìẹ! Lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀, tí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, èmi á gbé Jímọ̀ mi dání, ìwọ á ru mẹ́fà rẹ. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní má wò mí bẹ́ẹ̀!

Gbà. Oògùn nìyí, mo ti ra òmíràn. Láàárọ̀, lálẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá, èmi ni màá máa fi sí ọ lẹ́nu, èmi ni màá máa yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ wò bí ẹni ń yẹ ẹnu ẹṣin wò kó tó rà á. Ó ń korò? Kó korò! Èyí tí Awwal mu kò dùn. Tí o bá tutọ́ ẹyọ kan dànù, mo fi Al-Kùránì búra, ọjọ́ tí o bá kú, mi ò ní bá wọn wẹ̀ ọ́, mi ò ní forí jì ọ́, kí ilẹ̀kùn àlùjáńnà dípẹtà mọ́ ọ lójú!

Yanu. Yà á dáadáa. Mùínàt! Ìgbà wo lèyí tó wà lósì yìí bọ́? Eyín méjì péré ló kù? Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọn ò tiẹ̀ pàdé? Kí lo wá fi jẹ ẹran fún Zahrah lánàá? O kàn ń rẹ ẹran sínú itọ́ ni! Háà! Ha-ha-háà! Yéè, ẹ gbà mí o, eyín méjì ló fẹ́ lé ọmọ ọmọ mi kúrò nílé!

Má bá mi rẹ́rìn-ín. Ta ló ní kó o bá mi rẹ́rìn-ín? Gbé e mì. Ọjọ́ kìíní nìyí.