Ìbejì Kambolé Tí Mo Fi Ṣe Ìwádìí

Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi kí ẹ̀mí tó bọ́. Kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà Sokodé kò sì fi bò fún mi. Èmi Afọlábí, tí gbogbo àdúgbò Komah ń pè ní ọ̀gá olùkọ́, mo ba ayé ọmọ kan jẹ́, mo sì fi gba ìwé ẹ̀rí.

Ọdún kẹjọ rè é. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni mò ń kọ́, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù mú àbá kan wá kó dán an wò. Àbá tèmi ni pé ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá sọ sí ọmọ létí lè gbé máàkì rẹ̀ sókè tàbí kó fà á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ohun tí èmi yóò yí padà. Máàkì ni màá máa wò bóyá yóò yí tẹ̀ lé e. Gbogbo nǹkan yòókù gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ta ló wá dọ́gba ju ìbejì lọ? Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Kambolé, mo rí Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá. Ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Hàbíbátù, ìyá wọn, gbà fún mi, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí.

"Músíò, ohun tí ẹ bá fún Táyé, ẹ fún Kẹ́hìndé. A kì í yà wọ́n."

Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi dùn nígbà náà.

Nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún kíláàsì wọn, àwọn méjèèjì gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ogún. Mo pe Táyé sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yìn ín títí. Mo wá pe Kẹ́hìndé, mo wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, "Orí rẹ ò gba ìwé. Èyí tí o gbà yẹn, ṣèèṣì ni." Kò sunkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ jókòó. Lẹ́yìn oṣù kan, Táyé gba mẹ́rìndínlógún, Kẹ́hìndé gba márùn-ún. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn, díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n padà lọ sọ fún ọmọ náà pé irọ́ ni. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. N kò lọ, àmọ́ mo sọ fún un pé mo ti lọ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìwádìí náà, mo pàdé Kẹ́hìndé lọ́jà Tchamba, ẹrù àgbàdo lórí, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní mo ṣe é lóore, mo jẹ́ kó tètè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ǹ bá ti sọ òótọ́ fún un níbẹ̀. Mo kí i kú ọjà, mo bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dúró níwájú kíláàsì, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́: orí rẹ ò gba ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Kambolé. Mo jẹ́wọ́ níwájú Kẹ́hìndé àti ìyá rẹ̀. Hàbíbátù dìde, ó wọ yàrá lọ, kò jáde mọ́. Kẹ́hìndé ló dá mi lóhùn.

"Mo mọ gbogbo ìdáhùn ìdánwò kejì yẹn," ló wí. "Mo kọ wọ́n, mo tún fi ìlà pa wọ́n rẹ́. Mo rò pé ẹ̀yin mọ orí mi jù mí lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú ìwádìí yìí, ẹ má sọ pé iṣẹ́ parí nígbà tí àbá yín bá jóòótọ́. Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Kẹ́hìndé, n kò ní kí o gbàgbé. Nígbà tí mo purọ́ fún ọ, o gbà mí gbọ́. Jọ̀wọ́, gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: kò sí ohun tó ṣe orí rẹ.