Voi Tí Mo Fi Kọ́ Yín

Alága wa, Alhaji Hàmídù; ẹ̀yin àgbà tó fi ìsinmi Sọ́ńdè yín sílẹ̀; Ọ̀mọ̀wé Olútóyìn láti yunifásítì; ẹ̀yin ará Udine tó wọ tìréènì wá; àti ẹ̀yin Signora Elda, tí Ràhímátù ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí létí: mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Oyèkànmí tó ti ń ka ìwé ìròyìn ìgbà ogun fún yín ní àdúgbò Arcella níbí, nílẹ̀ Ítálì, láti ọdún mẹ́sàn-án ń padà sí Ìsẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí n tó lọ.

Ẹ mọ̀ pé inú cantina, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé tí mo háyà, ni mo ti rí àwọn ìwé náà, tí eku ti jẹ létí. Ẹ rántí sójà Gẹ̀ẹ́sì inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ wọn? Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń nà án, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sá, síbẹ̀ bó ṣe ń sá tó, ńṣe ló ń sún mọ́ Ítálì. Ìròyìn ìlú ńkọ́? Búrẹ́dì ò wọ́n, ará ìlú ló ń jẹun jù. Bọ́ǹbù bọ́ lu Turin, ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀. Ta ló bi àwọn òkú? Alága rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Ìwé ìròyìn tòní náà ní àwa àjèjì la sọ Arcella di aláriwo. Ṣé àwa náà la ń wa tìréènì tó ń pariwo kọjá níbí ni?

Inú ìwé wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ èdè wọn. Voi ni gbogbo wọn ń pe ara wọn níbẹ̀. Inú mi dùn, torí “ẹ̀yin” gan-an nìyẹn. Lei tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn nígboro, “obìnrin yẹn” ni mo gbọ́ sí i. Báwo ni màá ṣe dúró níwájú capo, ọ̀gá wa ní magazzino tí a ti ń kó ẹrù, tòun ti irùngbọ̀n, kí n pè é ní obìnrin yẹn? Mo bá fi Voi kọ́ gbogbo yín. Mi ò mọ̀ pé ìjọba ìgbà ogun ló fi Voi sí wọn lẹ́nu tipátipá, tí wọ́n sì tu ú dànù nígbà tí ìjọba náà ṣubú. Ní questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwé àwa àjèjì, wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín ọ̀hún, tu, “ìwọ” tiwọn, ló ń pe èmi arúgbó, bí ẹni ń pe ọmọdé.

Ti Ràhímátù kì í ṣe ẹ̀rín. Láàárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ badante, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó, ó gbé kọfí fún Signora Elda, ó sì sọ Voi. Àwọn èèyàn ìjọba ogun yẹn ló mú ẹ̀gbọ́n Signora lọ, kò sì padà. Signora ní kí Ràhímátù gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ, permesso rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú yìí, náà ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ìwé ìròyìn kan lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Mo ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ. Lédè wa, a kì í pe àgbà ní ìwọ.”

Wọ́n wo sójà inú àwòrán náà títí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn náà máa ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá bi mí ní ọ̀rọ̀ tiwa tí a fi ń kí àgbà láàárọ̀, mo sì sọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì ní kí Ràhímátù máa bọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún yín pé ìjọba ti pààrọ̀ gírámà, ká má sọ Voi mọ́. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Nígbà tí Ràhímátù padà síbi iṣẹ́, Signora Elda, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún nígbà náà, kí i pé, “Ẹ káàárọ̀.” Gbogbo yín mọ̀ pé àṣìṣe ni, torí Ràhímátù kéré sí ọmọ wọn. Ọdún kẹrin rèé, kò tíì tún un ṣe fún wọn. Ó sọ fún mi pé, “Bàbá, tu ni gbogbo ìlú yìí ń pè mí. Mi ò ní tún un ṣe.”

Kí permesso yín má pẹ́ ní questura. Kí àwọn ọmọ yín tó ń fi Italian dá yín lóhùn má pàdánù “ẹ” wa. Kí ẹ̀rín má tán ní Arcella lẹ́yìn mi. Olútóyìn, ìwọ ni mo fi àwọn ìwé náà sílẹ̀ fún. Kà wọ́n, ṣùgbọ́n má fi kọ́ni.

Signora Elda, Voi ò ní jáde lẹ́nu mi mọ́. Ẹ ṣé o.