Ìgbà Tí Bàbá Mi Ń La Igi ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Bọ̀láńlé, ìwọ ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kó o máa lọ sílé nítorí owó ilé ẹ̀kọ́, o ò jáde mọ́, o ò gbé fóònù mọ́. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, o ti sá wọ yàrá. Ojú ń tì ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ojú ti tì mí rí… ó tì mí débi pé mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbórí sókè.

Nígbà tí èmi fúnra mi wà lọ́mọge, Àjà yìí ò rí báyìí rárá. Ta ló ń gbọ́ pé ẹsitéètì? Iyanrìn ni, igi àgbọn ni, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó. Bí ọkọ̀ bá fi ẹ́ sílẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ ni. Abúlé wa létí òkun ńkọ́? Wọ́n ti fi géètì sí i. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n gbé mi débẹ̀ kí n tún fojú kàn án, sikiọ́rítì ní kí n sọ ilé ẹni tí mò ń lọ. Mo ní ilé bàbá mi. Ó ní nọ́ńbà wo ni? … Ẹ rí ayé bí?

Bàbá mi ń jẹ́ Búráímọ̀. Apẹja ni. Òun ló ni àwọ̀n ńlá tí àwọn ọkùnrin abúlé máa ń tò létí òkun láti fà. Ẹni tó bá ní àwọ̀n nígbà náà, èèyàn pàtàkì ni. Ní mọ́ṣáláṣí, sàfù iwájú ló máa ń dúró sí, lẹ́yìn lèmọ́mù gan-an. Kò mọ̀wé o. Kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B. Àmọ́ ó ní èmi Síkírátù, òun á fi mí ṣe tíṣà. Àwọn èèyàn ní, "Búráímọ̀, obìnrin lo fẹ́ kówó lé lórí? Ṣebí ilé ọkọ náà ló máa parí sí?" Ó ní, "Kó gbé ìwé ẹ̀ lọ sílé ọkọ. Kò wúwo."

Bí mo ṣe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́bìnrin nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Apá Ìbẹ̀jú ló wà, lẹ́bàá ọ̀sà, inú ibẹ̀ la ń sùn. Ọjọ́ tí mò ń lọ, gbogbo abúlé ló sìn mí dé èbúté. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti pè mí ní Síkírá mọ́. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Mi ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, mo ti ń jẹ́ Tíṣà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, pọ́n-ùn àti ṣílè la ṣì ń ná. Ọkọ̀ ńlá kan, ọkọ̀ apẹja tó wá láti òkèèrè, ó sún mọ́ etí òkun ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọ̀n bàbá mi wà nínú omi. Ọkọ̀ náà wọ́ ọ lọ. Wọ́n ń pariwo létí omi, wọ́n ń ju aṣọ sókè… ta ló ń gbọ́? Okùn nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Gbogbo èèyàn tú ká, bàbá mi ṣì di okùn yẹn mú, ó dúró síbẹ̀. Ìyá mi ló lọ fà á wálé.

Àwọ̀n yẹn ni owó ilé ẹ̀kọ́ mi.

Èmi ò mọ̀ o. Mo wà nílé ẹ̀kọ́, mò ń kàwé mi. Ọ̀gá àgbà wa, Mádàámù là ń pè é, obìnrin tó le ni, àmọ́ kì í ṣe ìkà. Ó dúró ní họ́ọ̀lù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí àwọn tí wọn ò tíì sanwó dìde. A dìde. Ó ní kí a máa lọ sílé, kí a padà wá nígbà tí owó bá wà. Gbogbo họ́ọ̀lù ń wò wá. Mò ń rìn jáde láàárín àga, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo rí bàtà gbogbo wọn, mi ò rí ojú ẹnì kan.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀ sí èbúté wa, àpótí mi wà lórí mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí mi ni ìyá kan tó ń ta epo. "Áà, Tíṣà! Ọlidé ti dé ni?" Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Bí mo ṣe wọnú ọlidé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn tún lọ. "Tíṣà, ọlidé yìí mà gùn o!" Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò mọ̀ ni. Àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ ọ́, bí ẹni fi ata sí mi lójú ni. Mi ò lọ pọnmi mọ́, àfìgbà tí oòrùn bá mú gan-an tí kò sẹ́nì kan lẹ́bàá kànga. Ṣé o rí i, Bọ̀láńlé? Ìwọ kọ́ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Mo rò pé èmi nìkan lojú ń tì. Bàbá mi ńkọ́? Bí mo bá gbóúnjẹ sílẹ̀ fún un, ó dìgbà tí mo bá kúrò níbẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin tó máa ń pè mí láti òkèèrè, "Síkírá ọmọ Búráímọ̀, báwo ni ìwé?"… kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Inú ilé kan náà, èmi àti ẹ̀ ń sá fún ara wa bí ẹni jẹ gbèsè.

Lọ́jọ́ kan ó wọ ọkọ̀, kò sọ ibi tó ń lọ. Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sígi àgbọn, ó ní, "Di ẹrù ẹ. O ń padà."

Mo ní, "Bàbá, owó ti wà?"

"Mo ti bá Mádàámù yín sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ bá wọn sọ?"

"Mo ní, di ẹrù ẹ."

Inú ọkọ̀ ló ti wá sọ ọ́ fún mi. Omi ló ń wò, kò wò mí. Ó ní òun á máa la igi ìdáná fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun á máa pọnmi fún ilé ìdáná àti ilé tí à ń sùn. Wọn ò ní fún òun lówó, iṣẹ́ náà ni owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Ó wá ní, "Gbọ́, Síkírá. Tó o bá rí mi níbẹ̀, o ò rí mi. O ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé èmi ni mo bí ẹ." Mo ní, "Nítorí kí ni, bàbá?" Ó ní, "Nítorí mo ní kó o má ṣe é."

Àwọn ará ilé ńkọ́? Ìyá mi sọ fún wọn pé ó ń bá àwọn kan pẹja lápá Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé wá kírun. Á wọ aṣọ funfun ẹ̀, á dúró sí sàfù iwájú. Tó bá di Sátidé, ó ti padà sídìí àáké.

Bàbá Onígi ni àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ọ́. "Bàbá Onígi, ẹ bá mi gbé garawa yìí." "Bàbá Onígi, ẹ yára, omi ti tán." Ọmọdé ni wọ́n, wọn ò mọ̀. Èmi á wà ní kíláàsì, wọ́n ń kọ́ wa bí a ó ṣe máa kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣirò, màá máa gbọ́ àáké láti ẹ̀yìn ilé ìdáná… gbà! … gbà! … Bó bá dákẹ́, àyà mi á já. Ṣé ó ti ṣubú ni? Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, ara mi á tún súnkì. Kì í ṣe pé ó dójú tì mí o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Oúnjẹ tó wà lẹ́nu mi ni ojú ẹ̀ ń tì mí. Igi tó là ni wọ́n fi sè é.

Bí a bá pàdé lọ́nà, á tẹrí ba kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀ sí mi. Mò ń fọṣọ, kò sẹ́nì kan nítòsí, ó ní, "O ti rù." Ó gbé garawa ẹ̀, ó lọ.

Ó wá di ọjọ́ ìbẹ̀wò. Àwọn òbí wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá láti Èkó, wọ́n gbé oúnjẹ dání. Èmi dúró lábẹ́ igi kan, mò ń ṣe bí ẹni ń retí èèyàn. Bàbá àwọn yòókù ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá tèmi ń bá wọn gbé ẹrù.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Fúnmiláyọ̀, ọmọ akọ̀wé kóòtù. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìyá ẹ̀ gbé agbọ̀n oúnjẹ fún bàbá mi. Pákó èbúté tutù, ẹsẹ̀ bàbá mi yọ̀, agbọ̀n já bọ́, ìkòkò ọbẹ̀ fọ́, ọbẹ̀ ta sí aṣọ obìnrin náà. Háà! Ẹ wá wo èébú! "Arúgbó lásánlàsàn! Ṣé o ò ríran ni? Irú èyí náà bímọ sáyé?" Fúnmi ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Onígi, àbí ẹ ti mu díẹ̀ síkùn?" Bàbá mi tí kò fẹnu kan ọtí rí! Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù ìkòkò nínú iyanrìn, ó ń fi ẹ̀wù ara ẹ̀ nu bàtà obìnrin náà.

Mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ọbẹ̀ yẹn. Mo ní, "Ẹ káàsán, bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́." Mo yíjú sí ìyá Fúnmi, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Bàbá tó bí mi ni. Nítorí kí n lè kàwé ni wọ́n ṣe ń gbé ẹrù."

Ìyá Fúnmi fa ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ń rò pé bàbá mi gbá mi mọ́ra? Ojú wa ṣe mẹ́rin, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Ó rọra ní, "Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ fún ẹ?" Ó dìde, ó lọ. Ẹni tó wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yẹn wá, ọmọ abúlé wa ni. Èmi ò rí i. Bàbá mi ti rí i.

Kó tó di Jímọ̀, ọ̀rọ̀ ti délé. Búráímọ̀ aláwọ̀n ti di ẹni tó ń pọnmi fún àwọn ọmọge! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní, "Búráímọ̀, ẹja apá Ẹ̀pẹ́ dà? Ṣó o mú díẹ̀ bọ̀?" Ìyá mi ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní bàbá mi dé mọ́ṣáláṣí, àyè ẹ̀ ṣì wà níwájú bó ṣe máa ń wà. Lèmọ́mù yíjú wá, wọ́n ní, "Ẹ máa bọ̀ níwájú." Ó ní òun ti rí àyè. Ó dúró sí sàfù ìkẹyìn, nídìí bàtà, láàárín àwọn ọmọdé. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò o. Òun ló lé ara ẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, mi ò retí ẹ̀. Mo ti ń to aṣọ mi sínú àpótí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ àáké… gbà! Mo sáré lọ, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní kó dárí jì mí. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ìtìjú kì í pààyàn, Síkírá. Bó bá jẹ́ pé ó ń pààyàn ni, ọjọ́ tó o sọ àpótí kalẹ̀ nílé ni mi ò bá ti kú. Gbé igi yẹn síbẹ̀." Mo gbé e.

Fúnmi wá bẹ̀ ẹ́ ní ilé ìdáná, ó sunkún títí. Àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi fúnra wọn. Wọ́n tún dáwó jọ, wọ́n ní kí n gbé e fún un. Ẹ ò rí i pé àánú náà ní bó ṣe ń gún èèyàn? Ó ní, "Dá a padà fún wọn. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe, mi ò wá ṣagbe." Láti ìgbà náà, bí a bá ti jáde ní kíláàsì, màá lọ bá a to igi. Ta ló tún kù tí à ń fara pamọ́ fún?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe parí. Ọjọ́ tí wọ́n ń fún wa níwèé ẹ̀rí, Mádàámù ránṣẹ́ sí i pé kó wá jókòó láàárín àwọn òbí. Kò wá. Ó ní àlejò pọ̀, igi ò gbọdọ̀ tán. Mo gbé ìwé náà lọ bá a. Ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ó gbà á, ó dorí ẹ̀ kodò, mo bá a yí i padà. Ó ní, "Orúkọ tèmi wà níbẹ̀?" Mo fi Búráímọ̀ hàn án. Ó wò ó títí. Ó ní, "Wọn ò bá kọ ọ́ kó tóbi díẹ̀."

Mo ṣe tíṣà lágbègbè yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di bàbá àti ìyá ní Àjà yìí, èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú kọ A. Bàbá mi jẹ nínú owó mi, ó jẹ ẹ́ dáadáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́… kò padà sí sàfù iwájú mọ́ títí ó fi kú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, lèmọ́mù bẹ̀ ẹ́. Kò padà. Mò ń gba pẹ́ńṣàn dòní, bí mo bá ti gbà á, iwájú mọ́ṣáláṣí yẹn ni mo máa ń rántí, ojú á sì tún tì mí bí ẹni pé àná ni.

Ayé ti yí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló máa gba igi lílà lọ́wọ́ bàbá ọmọ báyìí? Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná. Bọ̀láńlé, mi ò lówó tí mo lè fún ẹ, oògùn ló ń kó tọwọ́ mi lọ. Wá nǹkan fọwọ́ ṣe, títí ọ̀nà á fi là. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ pè ẹ́. Bàbá ẹ, ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń múra jáde láràárọ̀, o rò pé ibi jíjìn ló ń lọ? Inú mọ́tò ẹ̀ ló máa ń jókòó sí, nísàlẹ̀ àdúgbò wa yìí, tó ń dúró kó o wọlé sùn. Ẹni tó ń ta káàdì níbẹ̀ ló wá sọ fún mi. Kò mọ ojú tó máa fi wò ẹ́.

Oúnjẹ ẹ̀ wà lórí tábìlì yẹn. Gbé e lọ bá a nínú mọ́tò. Má dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, má bèèrè nǹkan kan. Ṣílẹ̀kùn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó jẹun. Bó bá ní kó o máa lọ, má dá a lóhùn, jókòó síbẹ̀. Dìde, ọmọ mi. Ọbẹ̀ ti ń tutù.