Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Ẹ Gbé Lọ́wọ́ Dàpọ̀

Mi ò fẹ́ omi yín, Bàbá Praise! Ọkọ̀ ojú omi kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín yìí, ta ló ni ín? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé kì í ṣe ti Dàpọ̀, ọkọ mi, ọmọ ìyá yín, lẹ wá gbé ní Lalupon nígbà tí mo wà nídìí gàrí tí mò ń yan?

Ẹ yá a kẹ̀? Lọ́wọ́ ta lẹ ti yá a? Ọkùnrin náà ń sùn!

Ṣebí ẹ̀yin náà wà ní ọsibítù lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú un, tí ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kú sí i lára bí igi. Síbí ò ṣeé mú. Bọ́tìnnì, èmi ni mò ń bá a dè é. Àfìgbà tó rí i nínú fóònù bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi kékeré, irú ti àtijọ́ tó ń fi aṣọ gba afẹ́fẹ́, ló bá ní òun náà á kan tòun. Ó fi ọ̀bẹ fá igi títí igi fi di ọkọ̀, ó fi ọparun ṣe òpó, ó gé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ síléèwé ṣe aṣọ rẹ̀. Okùn rẹ̀ ńkọ́? Òwú télọ̀ ni! Ó ń ta á ní kókó láti orí òpó dé etí ọkọ̀, tó bá já, á sunkún, á tún un ta. Ìdí kókó yẹn ni ìka rẹ̀ ti jí, Bàbá Praise! Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ de bọ́tìnnì, ó ní, "Bùkọ́lá, wò mí."

Okùn òwú yẹn lẹ fi ọ̀bẹ gé! Kí ọkọ̀ náà ṣáà lè wọ búùtù mọ́tò yín! Ẹ ṣẹ́ òpó rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ wọ́gọwọ̀gọ, ẹ gbé e síwájú àwọn àna tó wá tọrọ Praise, kí wọ́n lè rí i pé ilé ńlá ni wọ́n wá. Praise tí kò mọ nǹkan kan ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọkọ̀ tí Dádì rà l'Ékòó." Ẹ rà á! L'Ékòó!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí Dàpọ̀ jí tí kò rí i, èmi ló dojú kọ. Ó ní mo ti fi í dáná gàrí. Èmi! Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, ó ń wá a, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. A pè yín, fóònù wà lórí sípíkà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú mi, ẹ gbọ́ tí mò ń búra, ẹ wá ní, "Ẹ fara balẹ̀ wá a, á wà nínú ilé." Háà! Ọlọ́run ń wò yín!

Ẹ ó pe kápẹ́ńtà? Kápẹ́ńtà wo? Ọwọ́ Dàpọ̀ ti padà sínú àpò, kò jẹ́ kí n rí i mọ́!

Rárá o, mi ò ní bá yín gbé e. Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e lé itan nínú ọkọ̀ èrò láti Adegbayi níbí dé Lalupon, kí gbogbo ayé máa wò yín. Ẹ ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́ níṣojú mi pé, "Dàpọ̀, ìyàwó ẹ ò purọ́, èmi ni mo gbé e."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, mo mọ̀, ọjọ́ tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí yín. Lónìí, mo dúró. Ẹ dìde, ká lọ!