Ẹni Tó Ṣí Yàrá Kòkòrò Sílẹ̀

Ó ti tó ọdún méjìlá tí obìnrin yìí ti gbé òótọ́ náà sínú, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún un, tó ní kó máa lọ sílé kó lọ sinmi. Onímọ̀ nípa àrùn igi ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé igi yìí ṣì máa yè, ìyẹn ò lè yè mọ́, nítorí náà ó mọ ohun tí "ẹ lọ sinmi" túmọ̀ sí. Kò lọ sílé. Takisí ló wọ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé Ọ̀rẹ́ Kòkòrò.

Ọ̀rẹ́ Kòkòrò ni gbogbo wọn ń pe ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá kòkòrò nílé ìwádìí wọn láyé àtijọ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n sin ín. Obìnrin náà ò lọ síbi ìsìnkú, ó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá. Ara rẹ̀ ò yá lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló dá a dúró.

Opó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kí i káàbọ̀ tìyẹ́sítìyẹ́sí, ó fa àga sún mọ́ fèrèsé fún un, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó ní títí tí ọkọ òun fi dákẹ́ ló ń sọ pé káwọn má gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára ju àìsàn rẹ̀ lọ. Ó wolẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó bá wá láìmí. Nígbà tó máa gbójú sókè, ìyá opó náà ti fọwọ́ sẹ́yìn etí.

"Ẹ má bínú," ló wí, "etí mi ti di. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Bó ṣe di pé ó ń pariwo ìwà ìkà ara rẹ̀ nìyẹn, nínú ilé tí ògiri rẹ̀ ò nípọn, débi pé ẹni tó ń fọ abọ́ ní yàrá kejì dáwọ́ dúró.

Ó ní àwọn kòkòrò tó ń gbẹ́ inú igi lòun ń ṣèwádìí lé lórí nígbà yẹn. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó wọn wá, inú àgò onínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀kùn méjì ló sì wà ní yàrá wọn: ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ kó tó ṣí èkejì. Òun lòun ṣe òfin náà, òun lòun kọ ọ́ sára ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun ṣí àgò kan, òun ń ka ẹyin, ni fóònù dún. Ọ̀rọ̀ ipò olórí ilé ìwádìí tí òun ti ń retí láti ọdún mẹ́ta ni. Ohùn ń já nínú yàrá, òun sáré jáde, òun ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní òun ni wọ́n mú. Inú òun dùn débi pé ilé lòun gbà lọ tààrà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lòun bá ilẹ̀kùn méjèèjì ní ṣíṣí, àgò sì ti ṣófo. Òun bu kòkòrò díẹ̀ láti inú àgò míì sínú rẹ̀, òun sì mú iṣẹ́ ṣe.

"Mo rò pé wọ́n á kú síta," ló sọ. "Rárá, irọ́ nìyẹn náà. Mi ò tiẹ̀ rò ó."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, lẹ́búlẹ́bú igi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sídìí àwọn igi ńlá inú igbó ẹ̀yìn ilé ìwádìí. Orí wọn gbẹ. Kí wọ́n tó rí i dá dúró, igi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n gé, tí wọ́n sun. Ìgbìmọ̀ dé, wọ́n ní kí wọ́n gbé ìwé tí ẹni tó bá wọ yàrá náà ń kọ orúkọ sí wá. Obìnrin náà ti ya ojú ewé tirẹ̀. Orúkọ Ọ̀rẹ́ Kòkòrò ló kù sí ìparí, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ tó ti ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Èyí tó burú jù ló wá kù. Ó ní lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n lé e, ọkùnrin náà wá bá òun ní ọ́fíìsì. Òun rò pé ó ti mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti ronú títí, mi ò rántí pé mo fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Àmọ́ ta ló tún lè jẹ́? Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo sì dárí jì í," obìnrin náà pariwo. "Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé e dìde. Mo ní ó ti tán. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́."

Ìyá náà wá ní lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dá, ọkọ òun á mú ọ̀bẹ kékeré àti ìgò kan, á lọ sáàárín àwọn igi tó kù, á máa yọ ìdin lábẹ́ èèpo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rán an. Kó tó sùn, á padà lọ wo ilẹ̀kùn ilé bí ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò," ló wí. "Aláìníyè nínú ni mò ń pè é. Èmi, ìyàwó rẹ̀."

Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, pé òun ò ní pẹ́ láyé mọ́.

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀ jù," ìyá náà dáhùn. Kò fi ọ̀wọ̀ sí i mọ́. Ó ní ọdún tí wọ́n lé bàbá wọn ni àkọ́bí àwọn fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó sọ lójú bàbá rẹ̀ pé àìbìkítà rẹ̀ ló ba ayé òun jẹ́, kò sì wọ ilé náà mọ́. Kò wá síbi ìsìnkú. Ìyá náà dìde, ó mú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, ó tẹ nọ́ńbà ọmọ náà, ó fi lé e lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀ tó wà.

"Sọ fún un bó o ṣe sọ fún mi. Látìbẹ̀rẹ̀."

Fóònù náà dún títí. Nígbà tí wọ́n gbé e, ohùn tó jáde jọ ti Ọ̀rẹ́ Kòkòrò débi pé obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

"Màmá, kí ló dé?"

"Màmá yín kọ́," ló fèsì. Ariwo ti mú ohùn rẹ̀ há. "Ọ̀gá bàbá yín àtijọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa fóònù. Bàbá yín ò gbàgbé nǹkan kan."