Ìyẹ́ Inú Àpò Atukọ̀

Ìyàwó wa, gbé abọ́ àti ṣíbí yẹn sílẹ̀ ná, kí o jókòó. Dókítà ti ní kí ẹ máa fún mi ní ohunkóhun tí mo bá béèrè, ìwọ náà sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Mi ò fẹ́ gbé irọ́ wọ ibojì. Ohun tí mo fi pamọ́ fún bàbá rẹ títí ó fi kú, òní ni màá sọ ọ́.

O mọ̀ pé èmi ni mò ń dáná nínú ọkọ̀ onígbòkun tí bàbá rẹ ń tù. Ọ̀mọ̀wé kan ló háyà ọkọ̀ náà, ó fẹ́ lọ ka àwọn ẹyẹ erékùṣù kan tó jìnnà, tí èèyàn kankan kì í gbé. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ kì í fò, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, wọn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Wọ́n á rìn wá bá ọ, wọ́n á fi àgógó fa okùn bàtà rẹ. Nítorí náà, ẹranko kankan ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ wa. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, kí a sì tó padà, méjì méjì la máa ń yẹ ara wa wò. Èmi á gbọn bàtà àti àpò bàbá rẹ, òun náà á gbọn tèmi, kí kóró ewéko tàbí kòkòrò má bàa bá wa lọ.

Àmọ́ eku ń jẹ oúnjẹ mi. Èmi olórí kunkun, mo gbé ológbò kan wọ ọkọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà. Nígbà tí a dé erékùṣù, kò yéé ké. Kí àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ má bàa gbọ́, mo fún un lẹ́ja kó lè dákẹ́, mo sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá rẹ nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀ náà, mo ní, "Má fọwọ́ kàn án o, ọwọ́ ẹ dọ̀tí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí ológbò fi fò jáde, ó di àwátì.

Lọ́jọ́ kejì, a rí òkú ẹyẹ mẹ́ta tí kò lórí. Lọ́jọ́ kẹta, ó di mọ́kànlá. Ọ̀mọ̀wé ò bá wa jẹun mọ́. Olúkúlùkù ń wo ọwọ́ ẹnì kejì, èmi ọ̀daràn náà sì ń wò wọ́n bíi pé àwọn ló ṣe é. Mo gbọ́ tí ọ̀mọ̀wé ń sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé, "Ẹnì kan ń pa ẹyẹ mi jẹ. Ta ló mọ ọ̀bẹ lò jù níbí?" Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe alásè?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò, mo gbọn àpò bàbá rẹ, mo sì ki ìyẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ó ti mọ́." Kò tún un wò. Ṣé èèyàn ń tún ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹ̀ wò ni? Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ọ̀gá pé kó tú gbogbo àpò. Nígbà tí wọ́n rí ìyẹ́, bàbá rẹ yíjú sí mi: "Ìwọ lo gbọn àpò mi. Ṣé o rí èyí níbẹ̀?" Mo ní, "Rárá o. Bóyá lẹ́yìn tí mo gbọ̀n ọ́n tán lo fi í sí i."

Wọ́n gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ kankan ò gbà á mọ́, gbogbo èbúté sì sọ ọ́ ní Apẹyẹjẹ. Ológbò tó kù sí erékùṣù yẹn sì lóyún. Mi ò mọ̀ bóyá ẹyẹ kan ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, bàbá rẹ fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí ọ pé o máa gbẹ̀san. Gbogbo oúnjẹ tí o bá gbé wá, ojú rẹ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó la ẹnu.

Dárí jì mí. Pe ọkọ rẹ, ọmọ mi, wọlé, pe gbogbo ẹni tó ń pe bàbá rẹ ní Apẹyẹjẹ, kí n tún un sọ lójú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, tí o bá ṣì lè gbé ṣíbí yẹn sí mi lẹ́nu, màá la ẹnu láìwo ojú rẹ.