Bọ́tìnnì Tí Mo Tẹ̀ Lọ́jọ́ Tí Atẹ́gùn Kọjú Sílé Mọ́pẹ́

Kò sí àìsàn kankan lára mi. Dókítà yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá níhìn-ín ní League City, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, tí mò ń gbé, ó ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, kí n kàn dín iyọ̀ kù. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí àwọn ènìyàn wa máa ń rò pé ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ikú lẹ́yìnkùlé. Ikú kọ́ ló lé mi débí. Inú mi ló dùn, ayọ̀ náà kò sì ní jẹ́ tèmi tán bí n kò bá sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Èmi Gbóyèga Láyíwọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ẹnjiníà, olùkọ́ kíláàsì Bíbélì, ẹni tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Houston ń pè ní Daddy, mo fi ọdún mẹ́fà parọ́ nípa afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé ń mí sínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní fi ibì kankan bò.

Ilé-iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ wà ní ìlà-oòrùn ìlú, lẹ́bàá ọ̀nà omi tí àwọn ọkọ̀ epo ń gbà. Epo rọ̀bì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń fọ epo rọ̀bì, èéfín imí-ọjọ́ kì í jìnnà, èyí tó máa ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, tó sì máa ń fún ọ̀fun ẹni tó bá ní ikọ́ fée pa. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé kí a ri ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà wa, kí ẹ̀rọ náà máa ka èéfín ní wákàtí wákàtí, kí iye tó bá kà sì máa lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́. Bí iye náà bá kọjá ààlà, a gbọ́dọ̀ dín iṣẹ́ kù, kí a sì kìlọ̀ fún àdúgbò. Òfin tó dára ni. Èmi ni mo di ihò inú rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ tí kò fẹ́ kí á máa yẹ òun wò, bóyá ó ṣì ń kà bó ṣe yẹ. Ní wákàtí tí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó bá kà kì í wọ ìṣirò. Bọ́tìnnì kan ni a fi ń sọ fún un, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló sì yẹ kí n tẹ̀ ẹ́. Noah, ọ̀gá mi, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ló bi mí lọ́jọ́ kan pé bí mo bá rí i tí èéfín ń gòkè, ṣé kì í ṣe àkókò tó dára jù láti yẹ ẹ̀rọ wò nìyẹn. Kò pàṣẹ fún mi o. Ó kàn béèrè ni. Èmi tí mo ti fi ogójì ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun tí òyìnbó kò sọ, mo gbọ́ ọ ketekete. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ bọ́tìnnì náà, mo kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wò mí. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹwàá, ife tíì wà lọ́wọ́ mi kejì. Bọ́tìnnì náà kì í pa iye rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń tì í sí. Mo máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé kan, mo fi ìwé náà sínú agolo Bournvita nínú gáréèjì, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìyẹn fi hàn pé olóòótọ́ ènìyàn ṣì ni mí. Olè tó ń kọ orúkọ ẹrù tó jí!

Ìyàwó mi, Olúwafúnmiláyọ̀, nọ́ọ̀sì ni, ní ibi tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọdé wá ní pàjáwìrì. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á ní àwọn ọmọ tí kò lè mí dáadáa tún ya bo àwọn lónìí. Á máa rò ó bóyá ìyẹ̀fun òdòdó ni, bóyá ooru ni. Ooru wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọdọọdún ló ń le sí i ní Houston, bó bá sì ti mú báyìí, èéfín á dúró sílẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá ti dárúkọ ọjọ́, èmi mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Dípò kí n sọ ọ́, ẹran ni mo máa ń bù kún oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wo ọkọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Súnkànmí àti Mọ́pẹ́ ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, Olúwatọ́mi. Súnkànmí wá kàwé. Èmi ni mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú, bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tuntun. Wọ́n ti fẹ́ gba ilé ní Greenspoint, ní àríwá ìlú, èmi ni mo ní rárá, mo mọ apáàtìmẹ́ǹtì kan tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ mi, kí n lè máa bojú wò wọ́n. Kò tó máìlì kan sí ọgbà wa. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé, mo ti pa irọ́ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ fún ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọjà yìí ni mí, èmi gan-an ni mo wá ń wọ́ orí ọmọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó wọlé, Mọ́pẹ́ pè mí. Ó ní, “Daddy, òórùn kan wà níta o, bíi pé èèyàn ṣá ìṣáná. Hope kò sí nǹkan, sà?” Mo ní bí òjò Texas ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ó dúpẹ́, ó sì ṣàdúrà fún mi pé n kò ní fojú sunkún ọmọ.

Kò pẹ́ tí ikọ́ fée fi mú Tọ́mi. Mọ́pẹ́ ti kọ́ni ní ìṣirò ní Àkúrẹ́ kó tó wá, kì í ṣe ẹni tí ń káwọ́ gbera. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ọjọ́, ó ń kọ aago, ó ń kọ ibi tí àsíá iwájú ilé ìwé ń fẹ́ sí, àti iye ìgbà tí ọmọ fín ìnhélà, oògùn tó ń la ọ̀nà èémí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa wá ń béèrè ìwé àṣẹ tuntun láti fẹ iṣẹ́ lójú sí i, òun ló kó àwọn aládùúgbò jọ, Yorùbá àti àwọn ará Mexico, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́. Àjọ pe ìpàdé ìta gbangba. Noah bi mí pé ṣé àwọn ènìyàn mi kọ́ nìyẹn. Ó tún rẹ́rìn-ín.

Bùbá àti ṣòkòtò ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀, n kò wọ aṣọ iṣẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo wá yíjú sí àwọn tiwa, mo ní èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, afẹ́fẹ́ yín mọ́. Mọ́pẹ́ wà nídìí makirofóònù, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò mí, mo sì rí i kedere pé kò gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa yóò ṣe pe ẹni tó tó bí i lọ́mọ ní òpùrọ́ níwájú òyìnbó? Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Bí Daddy bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo gbà, sà.” Ó pa ìwé dé, ó jókòó. Ni àwọn Yorùbá yòókù bá yọ orúkọ wọn. Alága ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn àwọn ará àdúgbò ti balẹ̀, wọn yóò sì parí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá ẹlòmíràn kọ́ ọ ni mo fi dí i lẹ́nu.

Èyí kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án sí i, ìjì ń bọ̀ láti òkun, ilé-iṣẹ́ sì fẹ́ pa gbogbo ẹ̀rọ ní kánmọ́kánmọ́. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú páìpù ni wọ́n máa ń jó dà sójú ọ̀run. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Mo rí iye náà tó gòkè, tó kọjá ààlà, tó di ìlọ́po mẹ́ta. Mo wo ibi tí atẹ́gùn kọjú sí: ilé Mọ́pẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ní aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ daycare, ilé ìtọ́jú ọmọdé tí Tọ́mi ń lọ nítòsí ilé wọn, máa ń ṣeré níta, nítorí Mọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ní aago méjì ọ̀sán ìyàwó mi pè. Ó ní, “Bàbá Bùnmi, ọmọ Mọ́pẹ́ ni. Ètè ẹ̀ ti dúdú. Ẹ bá wa gbàdúrà.” Ẹni tó ti ọmọ sódò ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó gbàdúrà kí ọmọ má rì. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ fi bá Tọ́mi mí. N kò lè jẹun, n kò sì lè sọ ìdí tí n kò fi lè jẹun. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọmọ náà sì ni pé ebi ń pa òun. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo pe Mọ́pẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ọsibítù, èmi arúgbó, níwájú ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn wa, ó ń gbọ́. Mọ́pẹ́ kò pariwo.

“Daddy, ẹ dìde,” ló wí. “Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ibi tí ẹ ti parọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ sọ òótọ́.”

Lọ́jọ́ ìpàdé kejì, ìyàwó mi tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko bá mi yodì gbé agolo Bournvita náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí mo bá gbé e padà wálé, kí n má retí oúnjẹ. Noah wà ní ìlà iwájú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi títí ó fi rí agolo. Mo jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Mọ́pẹ́ bá dìde, ó ṣí ìwé tirẹ̀. Ó ka ọjọ́ kan àti aago kan, ó ní Tọ́mi fín ìnhélà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wá ọjọ́ náà nínú ìwé tèmi, mo ní ìlọ́po méjì ààlà. Ó ka òmíràn, mo dáhùn. Gbogbo ọjọ́ tó kà ló wà nínú agolo. Nígbà tí a kà á dé ìkẹtàdínlógún, alága ní ó ti tó, ó ti yé àwọn. Obìnrin tó jókòó fún àgbà lóṣù tó kọjá ní kò tíì tó, mà. A kà á tán. Ogójì ọjọ́ ó lé kan! Àwọn ará Mexico dìde, àwọn tiwa dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Mọ́pẹ́, èmi náà sì ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí kì í ṣe òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú láṣìírí.

A ṣẹ́gun wọn, kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ṣẹ́gun èmi náà pẹ̀lú. Wọn kò fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ títí ó fi ra ẹ̀rọ tó ń gba imí-ọjọ́ kó tó jáde. Ọ̀dọ̀ àjọ ni bọ́tìnnì wà báyìí, iye tí ẹ̀rọ bá kà ń tàn lára pátákó lẹ́nu ilé ìwé, ó sì ń wọ fóònù gbogbo òbí. Noah ti fojú ba ilé ẹjọ́. Èmi náà fojú bà á: wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà mi, wọ́n ní kí n fi ọdún méjì sin ìlú, pátákó yẹn gan-an ni mo sì ń nù lójoojúmọ́. Ní ìgbà ooru tó kọjá, ìyàwó mi wọlé, ó bọ́ bàtà, ó ní òun ráyè jókòó mu tíì lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún ayọ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wúkọ́ nítorí mi, tí n kò sì mọ orúkọ yín, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ìwé ẹ̀rí bọ̀ láti ilé, bí ọ̀gá bá bi yín ní ìbéèrè tó ní ẹ̀rín nínú, ẹ bi í padà kó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí àgbà bá sì parọ́, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ má jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni eré ìje ilé ìwé Tọ́mi. Ó ti pé ọmọ ọdún méje. Èmi ni mo di bàtà rẹ̀. Mo ní kó lọ sáré, afẹ́fẹ́ mọ́ lónìí. Ọmọ náà wò mí, ó fọwọ́ sí ìbàdí. “Grandpa, wait,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n check ẹ̀ ná.” Ó rìn lọ sídìí pátákó, ó ka iye tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìka, Mọ́pẹ́ sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Tọ́mi padà dé, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ó wá sáré, ó ṣe ipò kejì, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè mí ní Daddy, ẹnikẹ́ni kò tíì bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí.